Nígbà tí Epo Kò Bá Dé Ẹ́ńjìnnì: Àìsàn Alùpùpù Oníkàbúrétọ̀

Kàbúrétọ̀ ni ẹ̀yà alùpùpù tó ń po epo bẹntiróò mọ́ afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kò lo iná mànàmáná, kò sì ní kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ lẹ́nu, ó wá há láàárín. Bí afẹ́fẹ́ bá dé ibi tó há yẹn, eré rẹ̀ á le sí i, agbára tó fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ á sì dínkù, ìyẹn ló ń fa epo sókè láti inú igbá kékeré tó wà nísàlẹ̀. Kí epo tó lè jó tán pátápátá, afẹ́fẹ́ tó bá a wọlé gbọ́dọ̀ wúwo tó ìlọ́po 14.7 epo náà. Bí epo bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́, á sì máa gbóná. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín dúdú ni yóò máa tú. Honda CG125 tó jáde ní 1976, AX100 ti Suzuki àti ti Jincheng, àti àwọn Bajaj Boxer àtijọ́, bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣe é.

Ní Súrùlérè, Yábàá àti Múṣin, ohun kan wà tó tún ń dá kún àìsàn yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Súrùlérè wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Lagos Mainland tí Yábàá wà nínú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ó kan Múṣin náà. Alùpùpù tí wọ́n torí òfin yìí gbé jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn tàbí sẹ́yìnkùlé kì í sinmi bí ènìyàn ṣe rò. Epo inú kàbúrétọ̀ rẹ̀ á máa fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù á sì di nǹkan pupa kan tó ń lẹ̀ bí oje igi, tí yóò dí àwọn ihò tó kéré jù lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dáhùn.

Lára àwọn alùpùpù oníkàbúrétọ̀ wọ̀nyí, kò sí ẹ̀rọ tó ń fa epo láti táńkì. Òkè ni táńkì wà, ìsàlẹ̀ ni kàbúrétọ̀ wà, epo kàn ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ ni. Nítorí náà, láti òkè ló yẹ kí wọ́n ti máa wá àìsàn rẹ̀ bọ̀. Mẹkáníìkì tó bá gbé súkúdíráfà, tó sì kọ́kọ́ dojú kọ súkúrù ẹ̀gbẹ́ kàbúrétọ̀, ti fi ìparí iṣẹ́ ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó sì wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn: wọ́n á fọ kàbúrétọ̀ lónìí, wọ́n á tún fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú táńkì ni ìdọ̀tí ti ń wá.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú ohunkóhun, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí iṣẹ́ náà jẹ́ ní ìta gbangba, kí sìgá, sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ jìnnà síbẹ̀. Fífi ẹnu fa epo jáde nínú táńkì léwu gan-an, nítorí epo tó bá ṣèèṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn.

Ìdérí táńkì ni ti àkọ́kọ́. Ihò tíńtín kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń jáde. Bí eruku tàbí ìpáàtà bá dí i, epo kò ní ráyè ṣàn mọ́. Alùpùpù náà á gbéra ní Ojúẹlẹ́gbá láìsí wàhálà, á kú kó tó dé Ìdí-Òro, á sì tún tan lẹ́yìn tó bá ti dúró díẹ̀. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ó ṣí ìdérí náà lójú ẹsẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe “fíì” wọlé, tí ẹ́ńjìnnì sì tan, ọwọ́ ti tẹ olè. Abẹ́rẹ́ kékeré kan tó láti ṣí ihò náà.

Inú táńkì fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ọ̀rinrin Èkó kì í jẹ́ kí irin gbádùn. Bí epo kò bá kún táńkì, omi inú afẹ́fẹ́ á máa sẹ̀ sára irin náà, á sì máa kán sínú epo. Omi tún ń ti ara kẹ́ẹ̀gì tí wọn kò nù dáadáa wọlé, pàápàá lásìkò òjò. Lítà omi kan wọn giráàmù 1,000, ti epo kò ju nǹkan bí 750 lọ, ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí táàpù ti ń fa epo. Ní oṣù Kejì 2022, iléeṣẹ́ epo NNPC kéde pé bẹntiróò kan tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà ní methanol nínú ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ. Irú álíkọ́ọ̀lù kan ni methanol, ó máa ń fa omi mọ́ra, bí omi náà bá sì pọ̀ tó, àwọn méjèèjì á jọ ya kúrò lára epo, wọ́n á rì.

Ìgò kan tó mọ́ gaara ló ń sọ òótọ́ nípa gbogbo èyí. Kí wọ́n yọ róbà epo kúrò lẹ́nu kàbúrétọ̀, kí wọ́n ki ẹnu rẹ̀ bọ ìgò náà, kí wọ́n sì ṣí táàpù. Epo gbọ́dọ̀ ṣàn gooro láìdáwọ́ dúró. Bí ó bá ń kán tó-tó-tó, ìdènà wà lókè. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ìgò náà kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n wá gbé e sójú oòrùn. Bí omi bá wà, yóò hàn nísàlẹ̀, yóò máa yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìpáàtà á sì jókòó sídìí ìgò bí ata gúngún. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá hàn, kí wọ́n da epo táńkì nù síbi tí kò léwu, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Ọ̀pá méjì ló wà lórí táàpù nínú táńkì, ọ̀kan ga, èkejì kúrú. Èyí tó ga ń fa epo nígbà tí táàpù bá wà ní “ON”, èyí tó kúrú ni ti rìsáfù. Bí alùpùpù bá ń ṣe dáadáa ní “ON”, tó wá ń wúkọ́ ní rìsáfù, ìdọ̀tí tàbí omi ìsàlẹ̀ ló ń mu. Lábẹ́ táàpù, àwọn kan ní ife kékeré tí ìdọ̀tí ń sinmi sí, CG125 wà lára wọn. Sípánà kan ló máa tú u, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ṣí i rí. Ti róbà àti fítà kò gba ọ̀rọ̀: kí róbà má ká, kí ó má sán, kí fítà má dúdú.

Bí epo bá ń ṣàn dáadáa tí àìsàn ò lọ, ọ̀rọ̀ di ti kàbúrétọ̀. Nínú igbá ìsàlẹ̀ rẹ̀, fulótì ń léfòó lórí epo. Bí epo bá ti tó, á gbé abẹ́rẹ́ kan sókè láti dí ẹnu ọ̀nà. Bí ìdọ̀tí bá há mọ́ abẹ́rẹ́ yìí lẹ́nu, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, epo á máa ya sílẹ̀. Ní ilé epo NNPC l'Ékòó, owó lítà kan fò láti nǹkan bí 185 náírà sí 488 ní oṣù Karùn-ún 2023, nítorí náà epo tó ń kán sílẹ̀ lálẹ́ kì í ṣe ohun àmójúkúrò. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣàn wọnú ẹ́ńjìnnì ló burú jù, torí ó ń la ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí bẹntiróò, kí wọ́n pàrọ̀ ọ́ìlì kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Fulótì onídẹ náà máa ń lu nígbà mìíràn. Kí wọ́n mì ín létí: bí epo bá ń dún nínú rẹ̀, kò lè léfòó mọ́.

Jẹ́ẹ̀tì méjì ló ṣe pàtàkì. Bí alùpùpù kò bá mú silóò, tó jẹ́ pé ó ń kú bí wọ́n bá ti dẹ ọwọ́ níná, tàbí tí kò lè dúró láìfa ṣóòkì, jẹ́ẹ̀tì kékeré ti dí. Bí silóò bá dára, tí kò wá lè sáré bí wọ́n bá fún un níná tán, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni kí wọ́n wò. Wọ́n á gbé e sójú ọ̀run. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí roboto, kí ìmọ́lẹ̀ sì là á kọjá. Kí wọ́n má ṣe ki wáyà bọ̀ ọ́ o. Idẹ ni, ó rọ̀. Wáyà á fẹ ihò náà, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ á sì di irọ́. Kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú bẹntiróò tó mọ́, kí wọ́n wá gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ní ti súkúrù tó ń darí ìpò epo mọ́ afẹ́fẹ́ ní silóò, kí wọ́n rọra yí i wọlé títí yóò fi dúró, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tó yí, kí wọ́n tó tú u. Iye yẹn ni wọn yóò fi dá a padà.

Bí silóò bá ń ròkè tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jí wọlé níbi tí kàbúrétọ̀ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Omi díẹ̀ tí wọ́n bá ta síbẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ á yí ohùn ẹ́ńjìnnì padà.

Púlọ́ọ̀gì ló ń jẹ́rìí sí gbogbo iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá funfun bí ẹfun, epo kéré. Bí ó bá dúdú bí èédú, epo pọ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ ni ti aláàfíà. Ṣùgbọ́n bí epo bá ń dé déédéé, tí púlọ́ọ̀gì sì tutù, tó ń rùn bí bẹntiróò, tí ẹ́ńjìnnì ò sì tan, ẹ̀ṣẹ̀ epo kọ́ mọ́, iná púlọ́ọ̀gì ni kí wọ́n wá. Bí kàbúrétọ̀ bá sì ti gbó débi pé ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́, kò sí fífọ̀ tàbí yíyí súkúrù tó lè tún un ṣe; òmíràn ni kí wọ́n rà.