Ìfàsúnmọ́ àti Ìgéfẹ̀: Èdè-Ìperí fún Kámẹ́rà inú Fóònù

Láti ọjà Àlàbá tí ó wà ní Ọ̀jọ́, ní ẹ̀bá òpópónà Èkó sí Badagry, títí dé Ìyànà Ìbà àti Òkókómáíkò, fóònù alágbèéká kò ṣòro rí rà, kámẹ́rà rẹ̀ ni òǹtajà sì fi ń polówó rẹ̀ jù. Ohun tí òǹrajà sábà máa ń gbọ́ ni pé fóònù báyìí ‘ń fa nǹkan mọ́ra’, tàbí pé ó ‘ń mú ojú mọ́’. Gbólóhùn méjèèjì dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó iṣẹ́ méjì tí kò jọra pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀-èdè bá gbé e bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, yóò ṣi ẹni tí ń kà á lọ́nà.

Orúkọ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò yẹ kí ó fa àríyànjiyàn. Àwọn kan ń pè é ní ‘ẹ̀rọ ayàwòrán’. Òótọ́ ni pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, tí a fi ń ṣẹ̀dá orúkọ olùṣe, ti wọ orúkọ ẹ̀rọ bí amúlétutù àti asọ̀rọ̀mágbèsì. Ṣùgbọ́n ayàwòrán ti jẹ́ orúkọ ènìyàn kí fóònù tó dé: ẹni tí ń ya àwòrán sára ògiri àti ẹni tí ń ya fọ́tò ni wọ́n jọ ń jẹ́ ẹ. ‘Ẹ̀rọ ìyàwòrán’ sàn jù ú lọ. Síbẹ̀, kámẹ́rà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kò sì sí èrè nínú lílé ọ̀rọ̀-àyálò tí ó ti di ọmọ ilé jáde. Àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni wọ́n ń fẹ́ orúkọ.

Nínú kámẹ́rà àtijọ́, ìmọ́lẹ̀ a máa gba inú lẹ́ńsì kọjá, a sì bà lé fíìmù. Nínú ti fóònù, pèlébé awo kan ni ó rọ́pò fíìmù; a lè pè é ní awo agbàmọ́lẹ̀. Àìmọye ojú wẹ́wẹ́ ni ó wà lára awo yìí. Ojú-àwòrán ni a ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí apẹja ti ń sọ̀rọ̀ ojú àwọ̀n. Ojú kọ̀ọ̀kan kò mọ àwọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ tí ó kàn án ti pọ̀ tó nìkan ni ó lè wọ̀n. Bryce Bayer, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ni ó wá ọgbọ́n sí i, tí ó sì gba ìwé-ẹ̀tọ́ lé e lórí ní 1976: kí a fi asẹ́ aláwọ̀ bo àwọn ojú náà, kí méjì nínú mẹ́rin gba àwọ̀ ewé, kí ọ̀kan gba pupa, kí ọ̀kan gba àwọ̀ aró. Ìṣirò inú ẹ̀rọ ni ó ń pa wọ́n pọ̀ di àwọ̀ tí a rí.

Iye ojú-àwòrán ni a máa ń kọ gàdàgbà sára páálí fóònù. Fóònù Sharp J-SH04, tí ó jáde ní Japan ní 2000, ní 110,000. Lónìí, 50,000,000 tàbí 108,000,000 kì í ṣe ohun ìyanu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀ ń da ojú mẹ́rin tàbí mẹ́sàn-án pọ̀ di ẹyọ kan kí wọ́n lè gba ìmọ́lẹ̀ tó, tí àwòrán yóò sì jáde pẹ̀lú nǹkan bí 12,000,000. Fọ́tò orí bébà tí ó jẹ́ íńṣì mẹ́rin sí mẹ́fà, bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ojú 300 sí íńṣì kan, kò gbà ju 2,160,000 lọ. Nítorí náà, kí atúmọ̀-èdè ya ‘iye ojú’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ìtóbi awo’. Awo tí ó tóbi ni ó ń ṣàǹfààní níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá pọ̀.

‘Fífà mọ́ra’ ni ó ń ṣini lọ́nà jù. Àwọn fóònù kan ní lẹ́ńsì ọ̀tọ̀ tí a dìídì ṣe fún ohun tí ó jìnnà. Lẹ́ńsì yìí ti sọ ohun náà di ńlá lórí awo kí ìṣirò kankan tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú-àwòrán sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí ni ìfàsúnmọ́. Iṣẹ́ kejì kò fa ohunkóhun súnmọ́. Ńṣe ni fóònù gé àárín àwòrán, tí ó da etí rẹ̀ nù, tí ó sì fẹ èyí tí ó ṣẹ́kù kí ó lè kún ojú ẹ̀rọ. Ìgéfẹ̀ ni kí a pe èyí, kí orúkọ rẹ̀ má baà fi gígé náà pamọ́.

Kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ọ̀jọ́, tí ó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, tí ó fẹ́ ya ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó. Bí àwòrán fóònù rẹ̀ bá ní ojú 12,000,000, tí ó sì gé e fẹ̀ ní ìlọ́po 2, 3,000,000 péré ni yóò kù; ní ìlọ́po 4, ó di 750,000. Bí èdè Yorùbá bá ni iṣẹ́ ọjọ́ náà, àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ pòórá, tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò fi di bákan náà. Fóònù mìíràn a máa fi ìṣirò dí ibi tí ó ṣófo, ṣùgbọ́n ìméfò lásán ni, kò rí i.

‘Mímú ojú mọ́’ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Kámẹ́rà a máa wo àròpọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé, kí ó tó pinnu èyí tí yóò gbà. Bí aláwọ̀ dúdú bá dúró síwájú ògiri funfun, ẹ̀rọ yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú ẹni náà yóò sì ṣókùnkùn. Àbùkù yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù: nígbà ayé fíìmù, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fọ fọ́tò láti fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ ara. Transsion, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà tí ó ń ṣe Tecno, Infinix àti itel, tún ìṣirò kámẹ́rà rẹ̀ ṣe kí ó lè bá àwọ̀ ara àwọn ènìyàn dúdú mu. Ìmúhàn ni orúkọ tí ó tọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú fóònù kan náà ni a ti ń rí èyí tí ń sọ ara di pupa, tí ń pa ihò ara àti àpá rẹ́. Mọ́ tí a ń lò fún aṣọ àti ilẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wọn. Ìkunjú ni kí a pe èkejì. Ẹni tí ó ya ara rẹ̀ fún ìgbádùn lè kunjú bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ya èéyí ara ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà, tàbí bí olùwádìí bá ń ya ilà ojú àgbàlagbà Àwórì ní Ìbà, ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni ìkunjú yóò fi eérú bò. Bí ìwé ìlò fóònù bá wá kọ ‘ó ń mú ojú mọ́’ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì méjèèjì, wọn kò ní mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n pa.