Ọjọ́ Kìíní Kò Ṣe é Rà: Ìlàlóye fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Títún Fèrèsé Ilé Àgùdà Ṣe

Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí

Ó tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí a gba àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ kẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ dé ẹnu géètì wa pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, orúkọ wọn wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní tán. Wọn ò gba ẹ̀kọ́ kankan. Ẹnì kan ló ta káàdì náà fún wọn létí títì. Ọ́fíìsì yìí kò tẹ irú káàdì bẹ́ẹ̀ rí, kò sì ní tẹ̀ ẹ́. Owó wọn ti lọ, a sì ní láti dá wọn padà sílé, nítorí ẹni tí kò bá jókòó gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fèrèsé kankan lọ́dọ̀ wa. Ó dùn wá gan-an, pàápàá nígbà tí a rí ẹni tó ti Ìkòròdú jí wá lóru.

Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́. Ọjọ́ kìíní kò sì ṣe é rà, kò ṣe é yá, ẹlòmíràn kò lè bá yín jókòó níbẹ̀.

Àwọn tí a ń gbà

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ igi rárá la dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ fún. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé àfi kí àwọn kọ́kọ́ ní ìwé ẹ̀rí káfíńtà, wọ́n á sì torí ẹ̀ lọ ra ayédèrú. A kò béèrè fún un. A kò béèrè WAEC náà. Bí ẹ bá ti pé ọmọ ọdún 18, tí ẹ lè gun àkàbà, tí ẹ sì lè wà lórí ìdúró fún wákàtí mélòó kan, ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin obìnrin àti ẹ̀yin ọkùnrin.

Ẹni tó ti ń ṣe káfíńtà tẹ́lẹ̀ lè wá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ayé ti ń bẹ̀rẹ̀ ni òun náà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá tí ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ gan-an ló máa ń fẹ́ fo ọjọ́ kìíní jù. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ dákun, a mọ̀ pé ẹ lè fági. Kì í ṣe ìfági la fẹ́ kọ́ yín lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀kọ́ ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ oṣù. A kì í san owó, a kì í pín kọ́ńtírákì, a kì í sì í kọ́ni ní fèrèsé alumíníọ̀mù. Ẹ̀yin onílé náà, ẹ má ṣe yọ fèrèsé yín gbé wá sí káńtà pé kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ bá yín tún un ṣe. Bí ilé yín bá wà lára èyí tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ọ̀dọ̀ NCMM, àjọ tó ń bójú tó àwọn ohun ìrántí náà, lẹ ó ti kọ́kọ́ gbàṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó tú ìṣó kan kúrò lára rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń bi wá bóyá a máa ń kó àwọn ọmọ lọ sí Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan ní Tinúubú. Ọdún 1956 ni wọ́n kéde ilé yẹn. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀, tòun ti fèrèsé rẹ̀. Àwọn ilé tó ṣẹ́ kù ló ń jẹ wá lọ́kàn.

Ọjọ́ kìíní

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà nìkan la ó sọ lọ́jọ́ náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn tó ń ra káàdì rò pé ọjọ́ ìkíni àti ìforúkọsílẹ̀ lásán ni.

Àwọn fèrèsé onípákó tó wà ní Pópó Àgùdà, ní Kakawa, ní Bámgbóṣé àti ní Campos ti gba ọ̀dà lórí ọ̀dà láti ìgbà tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó, ti kọ́lé síbẹ̀. Láyé ìgbà náà, òjé wà lára ohun tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, pàápàá ọ̀dà funfun. Òjé ń mú kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ igi, kó tètè gbẹ, kó sì fara da oòrùn àti òjò. Ìdí nìyẹn tí àwọn kùnlékùnlé fi fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀dà tí ẹ ń rí lónìí lè jẹ́ tuntun, ọ̀dà olójé lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò ní òórùn, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀. Òfin wa ni pé gbogbo ọ̀dà àtijọ́ ní òjé títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò ní.

Tí ọ̀dà bá wà jẹ́ẹ́ lára igi, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà tí a bá ń hó o, tí a bá ń fi sáńpépà ha á, ló ń di eruku. Eruku yìí ń gba imú wọlé, ó ń gba ẹnu wọlé, ó sì ń bá yín délé lára aṣọ, nínú irun àti nísàlẹ̀ bàtà. Ara àgbàlagbà kò fẹ́ ẹ: ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti ọmọdé ló burú jù, nítorí ọpọlọ rẹ̀ tó ń dàgbà lọ́wọ́ ni òjé ń bá jà, ohun tó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kò ṣe é tún ṣe. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan, bó ti wù kó kéré, tí a lè pè ní aláìléwu.

Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010. Àwọn ará abúlé ń fọ́ òkúta láti yọ wúrà, òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì dé àgbàlá àti inú ilé. Àwọn ọmọdé tó kú lé ní 400. Òbí tó lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ni, kò mọ ohun tó ń gbé bọ̀ wálé. Ìdí tí a kò fi lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ọjọ́ kìíní nìyẹn. Bí ẹ bá fi owó ra ọjọ́ náà, ọmọ yín tó ń rákò nílé ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Àwọn kan máa ń jiyàn pé òfin ti ká òjé lọ́wọ́ kò. Òótọ́ ni pé ìlànà NAFDAC ti ọdún 2021 sọ pé òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ọ̀dà tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n ń tà ni ìlànà yẹn kàn. Èyí tí wọ́n ti kùn kí wọ́n tó bí àwọn òbí wa ṣì wà lára fèrèsé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ẹ ó ti mọ bí a ṣe ń fi omi fín ọ̀dà kí a tó hó o, kí eruku má bàa gbéra. Ẹ ó mọ bí a ṣe ń tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, bí a ṣe ń ká a pẹ̀lú ìdọ̀tí inú rẹ̀, àti ìdí tí a kì í fi ìgbálẹ̀ gbá ibi iṣẹ́, tó jẹ́ pé aṣọ tútù la fi ń nù ún. Ẹ ó mọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi iná gááàsì jó ọ̀dà kúrò: iná ń sọ òjé di èéfín, èéfín yìí sì burú ju eruku lọ. Ẹ ó mọ bí a ṣe ń fọ ọwọ́ àti ojú kí a tó fẹnu kan omi, àti bí a ṣe ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbí kí a tó máa relé.

Ọ̀rọ̀ ìbòmú náà wà níbẹ̀. Ìbòmú aláṣọ tí a ń lò nígbà kòrónà kò lè dá eruku yìí dúró. Èyí tí a ń fún yín ní asẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, a sì ní láti wọ̀n ọ́n sí ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí ojú kò jọra. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ awọ dáadáa. Ẹni tó bá dá irùngbọ̀n sí nítorí ẹ̀sìn, kó sọ fún wa nígbà tó bá ń gba fọ́ọ̀mù. A ó fi í sí ibi iṣẹ́ tí kò kan ọ̀dà àtijọ́. Nọ́ọ̀sì yóò sì gba ẹ̀jẹ̀ yín díẹ̀ láti mọ iye òjé tó ti wà lára yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí a ó tún gbà á lẹ́yìn náà láti fi wéra. Ẹ wá rí i báyìí: kò sí bí àbúrò yín ṣe lè bá yín wọn ìbòmú, kò sì sí bí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ṣe lè jẹ́ tiyín. Kí ni ẹni tó ń ta káàdì wá ń tà?

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la ń bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ la ń ti géètì, a kì í sì í ṣí i mọ́. A mọ̀ nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland Bridge. Ṣùgbọ́n ìbòmú wíwọ̀n ló ń ṣáájú, ẹni tó bá sì pẹ́ kò lè rí i gbà mọ́. Ẹni tí géètì bá tì mọ́ta kò pàdánù ipò rẹ̀: ó máa dúró di ìgbà tí a bá tún gba àwọn mìíràn, orúkọ rẹ̀ ni yóò sì wà lókè.

Aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù di ìgbà mìíràn. Òjé máa ń ti ara ìyá dé ara ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ọmọdé wá sí ọgbà wa, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní

Iṣẹ́ gan-an ló kù, ó sì dùn. Fèrèsé Àgùdà máa ń ní apá méjì, pákó pẹlẹbẹ sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tò ní dídagun, òjò á yọ̀ bọ́ síta, afẹ́fẹ́ á wọlé, iná mànàmáná ì báà má sí. Ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń fi nọ́ńbà sí gbogbo pákó kí a tó tú u, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ti òkè kò sì ní wọ ojú ti ìsàlẹ̀. Ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń fi irin ṣóńṣó wá ibi tí igi ti jẹrà, tó sábà máa ń jẹ́ ìsàlẹ̀ níbi tí omi ń dúró sí. Ibi tó jẹrà nìkan la ń gé; irú igi kan náà la ń fi lẹ̀ ẹ́, ìrókò sí ìrókò, apá sí apá, kí ìlà ara wọn sì kọjú síbì kan náà. Ìṣó irin kì í pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ òkun Èkó, torí náà ìdè onídẹ la ń lò. Pọ́tì tí a fi ń mú dígí, ẹ̀yin lẹ ó fi ọwọ́ pò ó láti ara lẹ́búlẹ́bú ẹfun àti òróró linseed. Àkísà tí òróró yìí bá wà lára rẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá kó o jọ. Inú garawa omi ló ń lọ kíákíá.

Látọwọ́ ọ̀gá sí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni iṣẹ́ yìí gbà dé ọwọ́ wa náà. João Baptista da Costa, ọ̀gá kọ́lékọ́lé Àgùdà tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, kò dá a ṣe: Sanusi Aka, ọmọ ilẹ̀ wa, bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa wá

Ẹ wá gba fọ́ọ̀mù fúnra yín ní káńtà, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú ìwé NIN yín. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ wọ ṣòkòtò àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ mú aṣọ mìíràn tí ẹ ó wọ̀ lọ sílé, kí ẹ sì ti jẹun kí ẹ tó dé.

Ẹni tó bá béèrè owó lọ́wọ́ yín, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ wa, ẹ wá sọ fún wa ní káńtà. Ẹni tó bá sì ti ra káàdì náà, kó má torí ìtìjú sá fún wa. A kò ní bá a jà, a kò sì ní yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Kó mú káàdì náà wá, kó gba fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́, a ó sì sọ ọjọ́ tí yóò wá fún ọjọ́ kìíní rẹ̀ kó tó kúrò níwájú wa.