ÌGBÀ WO LÓ YẸ KÍ A PÀÀRỌ̀ KÍLỌ́Ọ̀ṢÌ ỌKỌ̀ TÓ TI Ń GBÓ?

Ọ̀rọ̀ owó la mú wá lóṣù yìí.

Ní Ùgbònlá níhìn-ín, ọkọ̀ ojú omi la mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìrìn ẹja wa kì í parí sójú omi. Bó bá ti gúnlẹ̀ sí Igbókọ̀dá, mọ́tò ni yóò gbé e lọ sí Òkìtìpupa, Ọ̀rẹ̀ tàbí Èkó. Bí mọ́tò bá kú sọ́nà, yìnyín á yọ́, ẹja á rà, owó á sì wọmi. Kílọ́ọ̀ṣì wà lára ohun tó ń dá ọkọ̀ àgbà dúró bẹ́ẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Òun ló so agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà. Bí dírẹ́bà bá tẹ pẹ́dà, ó tú u. Bó bá gbẹ́sẹ̀, ó tún so ó. Awọ tó wà lára díìsì rẹ̀ ló ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ́ńjìnnì ojú omi mọ irú rẹ̀: bí rọ́bà inú pòròpẹ́là bá já, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ kò ní sáré. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ tán.

Àmì mẹ́ta ni kí ẹ máa wò. Èkíní, bí ọkọ̀ bá gbẹ́rù gun òkè, ẹ́ńjìnnì ń pariwo, eré kò pọ̀ sí i. Èkejì, òórùn nǹkan tó ń jó. Ẹ̀kẹta, jíà ń dún gàràgàrà kó tó wọlé. Ti ẹ̀kẹta yìí, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ó lè jẹ́ okùn kílọ́ọ̀ṣì ló dẹ̀, tàbí kí omi rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe.

Ẹ lè dán an wò báyìí. Ẹ dúró sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má sí níwájú. Ẹ fa háńbúrékì dáadáa, ẹ ki jíà kẹta, kí ẹ wá rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe é léraléra o, ó ń jẹ ẹ́ ni.

Bó bá ti ń yọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí yóò já. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bó bá pẹ́ jù, yóò ba irin ẹ́ńjìnnì tó ń fara kàn jẹ́, owó á sì di méjì. Iṣẹ́ púpọ̀ ló wà nínú sísọ jíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀, nítorí náà ẹ pa díìsì, àwo tó ń tẹ̀ ẹ́, àti bíárìn rẹ̀ pọ̀, kí ẹ pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ́ìlì bá ń jò sí i, ẹ dí i kí díìsì tuntun má bàa bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń mu ọ́ìlì, tí jíà bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń ké, kí ìgbìmọ̀ ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àtúnṣe bá fẹ́ tó iye tí ọkọ̀ tọ́, títà á ló sàn.

Ibo ni owó ti máa wá? Àpẹẹrẹ nìyí: bí iṣẹ́ náà bá máa gba ₦120,000, tí ọkọ̀ ń ná ọjà 10 lóṣù, ₦1,000 tí a yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan á pé láàárín ọdún kan. Kò ní dà bíi gbèsè àìròtẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ má gbẹ́sẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì bí ẹ ti ń lọ. Bí ẹ bá dúró lórí òkè, búrékì ni kó dì í mú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọkọ̀ wa ni, owó wa ni.

Ọlọ́run á bùkún òwò wa o.