Ajá Tó Sọnù: Ohun Tó Ń Fà Á, Wíwá Rẹ̀ àti Àbọ̀ Rẹ̀ Sílé

Ajá tó sọnù ni ajá tí ó ti bọ́ kúrò ní sàkáání alájá, tí kò sì rí ọ̀nà padà wálé. Ó yàtọ̀ sí ajá ìgboro tí kò ní olúwa. Ajá ìgboro mọ ibi tí yóò ti jẹ, ó mọ igun tí yóò sùn sí, ó sì mọ ẹni tí yóò sá fún. Èyí tó sọnù kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Òwe tí àwọn Yorùbá máa ń pa jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹni tí kò gba ìmọ̀ràn ni a ń pa òwe náà fún. Bí a bá yẹ ajá fúnra rẹ̀ wò, òótọ́ ni pé kì í gbọ́ fèrè, ṣùgbọ́n agídí kọ́ ló fà á. Ẹ̀rù, tàbí ìtara ohun tó ń lé, ló di í létí. Bí etí rẹ̀ tilẹ̀ di, imú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, orí imú yìí sì ni púpọ̀ nínú ọgbọ́n wíwá ajá dúró lé.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń mú ajá sọnù. Èkíní ni ariwo. Etí ajá mú ju ti ènìyàn lọ. A máa gbọ́ ìró tín-ín-rín tí kò lè wọ etí ènìyàn rárá. Bí àrá bá sán lójijì, tàbí tí àwọn ọmọdé bá ń yin bángà nínú oṣù Kejìlá, ajá tó jẹ́ onípẹ̀lẹ́ lè fo ògiri tàbí kí ó gba ẹsẹ̀ géètì jáde. Èkejì ni ìfẹ́ abo. Abo a máa wá akọ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, òórùn rẹ̀ á sì fa akọ jìnnà sílé. Ajá mìíràn tọ ipa ọ̀yà tàbí ehoro wọ igbó lọ, ó wá ṣìnà. Bí ìdílé bá kó lọ sí ilé tuntun, ajá lè gba ọ̀nà ilé àtijọ́ lọ. Àwọn olè tí ń jí ajá fún títà tàbí fún ẹran sì wà pẹ̀lú.

Àwọn ọdẹ ti mọ ìṣòro yìí tipẹ́. Ọdẹ tí ń fi ajá dẹ ìgbẹ́ a máa so agogo kékeré tàbí ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, kí ìró rẹ̀ lè sọ ibi tí ajá wà nínú igbó dídí. Fèrè ló fi ń pè é padà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi orúkọ kọ́ ajá létí. Nínú àlọ́ ọdẹ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àwọn ọ̀tá ká ọdẹ mọ́ orí igi, ó sì pe àwọn ajá rẹ̀ mẹ́ta tí ó fi sílẹ̀ nílé: Òkémọkéréwú, Òsọpàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n já wá, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Àlọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí àwọn àgbà ṣe ka orúkọ ajá àti ohùn olówó rẹ̀ sí.

Ní ti imú, sẹ́ẹ̀lì tí ń gbọ́ òórùn nínú imú ènìyàn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 5 sí 6. Ti ajá lé ní mílíọ̀nù 100, ó sì lè tó mílíọ̀nù 300 nínú àwọn ẹ̀yà kan. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Czech tẹ ìwádìí kan jáde lórí ajá ọdẹ 27 tí wọ́n so ẹ̀rọ GPS mọ́ lọ́rùn. Àwọn ajá kan tọ ipasẹ̀ ara wọn padà, àwọn mìíràn la ọ̀nà tuntun. Púpọ̀ nínú àwọn tó la ọ̀nà tuntun kọ́kọ́ sáré nǹkan bí mítà 20 ní ìlà àríwá sí gúúsù kí wọ́n tó dorí kọ ọ̀dọ̀ olówó wọn. Èrò àwọn onímọ̀ náà ni pé agbára òòfà ilẹ̀ ayé ni ajá fi ń mọ ibi tó dúró. Ní Amẹ́ríkà, ajá kan tí ń jẹ́ Bobbie sọnù ní ìpínlẹ̀ Indiana ní 1923, nígbà tí ìdílé tó ni ín rìnrìn àjò débẹ̀. Nínú oṣù Kejì 1924, ó yọ sí wọn nílé ní ìlú Silverton, ìpínlẹ̀ Oregon, lẹ́yìn ìrìn tí a fojú bù sí nǹkan bí kìlómítà 4,000. Irú Bobbie kò wọ́pọ̀. Alájá kò gbọdọ̀ jókòó máa retí.

Ibi tí a ti rí ajá gbẹ̀yìn ni kí wíwá ti bẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, inú gọ́tà gbígbẹ, ilé tí a kọ́ tì, abẹ́ ìsọ̀ àti inú igbó tó yí àdúgbò ká. Ajá tí ẹ̀rù ń bà a máa sá pamọ́ lọ́sàn-án, á sì jáde nígbà tí ìlú bá pa rọ́rọ́, ní ìdájí tàbí lóru. Àkókò yìí ni pípè máa ń wúlò jù. Kí ẹni kan tí ajá náà mọ̀ dáadáa máa pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn tí ó fi ń pè é wá jẹun, kí ó sì máa dánu dúró láti tẹ́tí. Bí ogún ènìyàn bá ń pariwo orúkọ ajá káàkiri, ńṣe ni wọ́n ń lé e síwájú.

Kí a fi aṣọ tí alájá ti wọ̀, tí a kò tíì fọ̀, sí ibi tí a ti rí i gbẹ̀yìn, pẹ̀lú omi àti oúnjẹ olóòórùn bí ẹja pańla. Ajá tí kò gbọ́ ìpè lè gbọ́ òórùn, kí ó sì lúgọ sí tòsí títí tí alájá yóò fi padà dé. Kí géètì ilé wà ní ṣíṣí díẹ̀ lóru, kí ẹnìkan máa ṣọ́ ọ.

Kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń rìn ní àdúgbò: ọlọ́dẹ, ọlọ́kadà, oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń ṣa àlòkù irin, àti àwọn ọmọdé, tí ojú wọn kì í fo ajá. Kí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ajá àti ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Àwòrán tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp a máa tètè tàn, ṣùgbọ́n kí alájá fi àmì kan pamọ́, bí àpá tàbí àwọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó lè fi dán ẹni tó bá ní òun rí i wò. Kí ó má san owó fún ajá tí ojú rẹ̀ kò tíì rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kẹrin 2016 ni òfin ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìdánimọ̀ tí à ń pè ní ṣíìpù, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, sábẹ́ awọ gbogbo ajá. Nọ́ńbà inú rẹ̀ ló ń tọ́ka sí olówó.

Bí a bá rí ajá náà, kí a má sáré tọ̀ ọ́. Kí alájá bẹ̀rẹ̀, kí ó yí ẹ̀gbẹ́ sí i, kí ó má tẹjú mọ́ ọn, kí ó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí ó sì ju oúnjẹ díẹ̀ sílẹ̀. Kí ajá fúnra rẹ̀ wá gbóòórùn ọwọ́ kí a tó fi okùn sí i lọ́rùn. Kódà ajá ilé lè ṣàìdá olówó rẹ̀ mọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, títí òórùn yóò fi dé imú rẹ̀.

Nílé, omi díẹ̀díẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mu, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ni kó jẹ. Kí a wo ara rẹ̀ fún ọgbẹ́, ẹ̀gún àti eégbọn, kí a sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, nítorí kò sí ẹni tó mọ ajá tí ó bá jà lọ́nà. Bí ó bá ti gé ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí a sì so ajá mọ́lẹ̀, kí a máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí àmì àrùn dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìwòsàn mọ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára, bẹ́líìtì ọrùn tí nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀, ògiri tó ga, àti orúkọ tí a fi oúnjẹ àti ìkẹ́ kọ́ ajá lójoojúmọ́ ni ìdáàbòbò tó dájú jù. Tí akọ bá ti ń fo ògiri lọ bá abo, kí dókítà tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Kí gbogbo alájá ṣe àwọn ìdáàbòbò wọ̀nyí kí bángà oṣù Kejìlá tó dún.