Kámẹ́rà Tí Ń Ṣọ́ Ṣọ́ọ̀bù àti Ilé: Ẹ̀rí Ni A Fi Owó Rà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti so kámẹ́rà mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù tàbí igun ilé. Àwọn mìíràn sì ń gbèrò láti fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ rà á. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń rà.

Kámẹ́rà kì í di olè mú, kì í sì í ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rí ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Bí ọjọ́ kan ti olóhun yẹn bá wá dé, tí a ṣí àpótí tí a kò bá àwòrán kankan níbẹ̀ ńkọ́? A jẹ́ pé owó ẹ̀yáwó ti wọgbó nìyẹn. Èyí tí ó tún burú jù ni kí ẹ̀rí tí kò pé kó ọmọlọ́mọ̀ sí wàhálà.

IRÚ ÈYÍ TÍ Ó YẸ KÍ Á RÀ

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni kámẹ́rà oníwáyà tí ń kó àwòrán lọ sínú àpótí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní DVR. Èkejì ń lo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, NVR ni orúkọ àpótí tirẹ̀. Wáyà kan náà lè gbé iná àti àwòrán pọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má gùn ju mítà 100 lọ. Ẹ̀kẹta ni aláìníwáyà, tí ń lo Wi-Fi tàbí káàdì SIM, tí ó sábà máa ń pa àwòrán mọ́ sínú káàdì kékeré tí ó wà lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí rọrùn fún ẹni tí ó gba yàrá tàbí ìsọ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí olè bá já kámẹ́rà náà lọ, ó ti já ẹ̀rí lọ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ní ẹnu ọ̀nà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oníwáyà ni kí ó rà, kí ó sì fi àpótí rẹ̀ sí ibi tí a lè tì pa, kì í ṣe orí káńtà.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí oníṣòwò fi "ó ń rí gbogbo ọgbà" tàn yín. Ìlànà àgbáyé kan wà tí a ń pè ní IEC 62676-4. Ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 2014 ní kí á tó lè dá ènìyàn tí a kò mọ̀ rí mọ̀ dájú, àwòrán gbọ́dọ̀ ní píkísẹ̀lì 250 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà 1080p ní píkísẹ̀lì 1,920 ní ìbú. Ẹ fi 250 pín in, ẹ ó rí mítà 7 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Bí ibi tí kámẹ́rà náà ń wò bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó rí i pé ènìyàn kọjá, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè fi gbogbo ẹnu sọ pé Lágbájá ni. Nítorí náà, ẹ kọ ojú kámẹ́rà kan sí ẹnu ọ̀nà nìkan, kí òmíràn máa wo gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má so ó sókè jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fìlà àti gèlè ni yóò máa yà. Bí oòrùn bá ń tàn wọlé láti ẹ̀yìn àwọn tí ń bọ̀, ojú wọn yóò dúdú. Ẹ béèrè èyí tí ó ní WDR.

ỌJỌ́ MÉLÒÓ NI ÀWÒRÁN Ń WÀ NÍBẸ̀?

Kámẹ́rà tí ń lo mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò jẹ 21.6 GB lójúmọ́. Mẹ́rin irú rẹ̀ yóò jẹ nǹkan bí 86 GB. Hard disk 1 TB yóò kún láàárín ọjọ́ 11, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ẹni tí ó ń ka ọjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ńkọ́? Nígbà tí yóò fi mọ̀ pé ọjà dín, àwòrán ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti pa rẹ́. Disk 4 TB yóò gbà tó ọjọ́ 46. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a, kí ó máa ka ọjà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Àpótí kan àti kámẹ́rà mẹ́rin kì í sábà jẹ ju nǹkan bí wáàtì 40 lọ. Bátìrì 12 volt tí ó jẹ́ 100 Ah ní wáàtì-wákàtí 1,200. Bí a bá lo ìdajì rẹ̀ kí ó má baà tètè kú, tí a sì yọ èyí tí inverter ń jẹ kúrò, ó lè gbé wọn tó wákàtí 12. Ìyẹn ni pé kí a má so fíríìsà tàbí tẹlifíṣọ̀n mọ́ bátìrì kan náà o!

AAGO TÍ KÒ TỌ́

Ọ̀pọ̀ àpótí wọ̀nyí ni wọ́n ṣe ní Ṣáínà, níbi tí aago fi wákàtí 7 ṣáájú tiwa. Bí oníṣẹ́ kò bá yí i padà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yóò kọ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sára àwòrán. Bí ojú kò bá wá hàn dáadáa, ọmọ iṣẹ́ tí ń dúró ti ọjà ní ìrọ̀lẹ́ ni a ó nà ní ìka sí fún ohun tí ẹlòmíràn ṣe ní òwúrọ̀. Ẹ fi aago àpótí wé ti fóònù yín. Bí ó bá ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, bátìrì pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ni ó kú.

BÍ NǸKAN BÁ Ń ṢE É

1. Kámẹ́rà kan ṣókùnkùn: ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lẹ́yìn àpótí, ẹ kì í bọ ojú ihò tí òmíràn ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwòrán bá jáde, ihò àkọ́kọ́ ni ó bàjẹ́. Bí kò bá jáde, kámẹ́rà, wáyà tàbí adáptọ̀ ni.

2. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń kú lóru: iná ìríran òru ń jẹ agbára sí i. Adáptọ̀ kò lágbára tó, tàbí wáyà iná ti gùn jù.

3. Àwòrán funfun báláú lóru: ẹ nu eruku àti okùn aláǹtakùn kúrò. Bí kámẹ́rà bá sì ń wò gba inú gíláàsì, iná rẹ̀ ni ó ń dá padà sí i lójú.

4. Ilà ń sáré kọjá lójú àwòrán: ẹ ya wáyà kámẹ́rà sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà iná ńlá.

5. A ń rí àwòrán lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ti àná: ẹ wò ó bóyá àpótí mọ̀ pé hard disk wà nínú òun. Àrùn tí ó ń tan olóhun jù nìyí.

PÁÁSÍWỌ́Ọ̀DÙ ÀTI ÒFIN

Ní ọdún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Mirai wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kámẹ́rà àti àpótí káàkiri ayé, nítorí pé àwọn olóhun kò yí páásíwọ́ọ̀dù tí ó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà. Ẹ yí tiyín lójú oníṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ pamọ́.

Bí ọ̀ràn bá dé kóòtù, apá 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà ni wọn yóò fi yẹ àwòrán náà wò. A ó ní láti fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ déédéé ní àkókò yẹn. Nítorí náà, ẹ tètè da àwòrán kọ sí flash, ẹ kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tí ó dà á kọ sílẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 sì wà pẹ̀lú: ẹ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kámẹ́rà wà níbí, ẹ má sì kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé aládùúgbò tàbí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wọ aṣọ wò.

IṢẸ́ ÌṢẸ́JÚ MÁRÙN-ÚN

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó ṣí ọjà, ẹ pe àwòrán aago méjì òru àná jáde. Ṣé ó wà? Ṣé aago rẹ̀ tọ́? Ẹ wá pe ti ọ̀sán àná: ṣé ojú hàn? Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ tí ó pẹ́ jù tí ó kù nínú rẹ̀. Bí iná bá wà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ìjọba fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ rí i bóyá bátìrì yóò gbé e. Ẹ̀yin tí ìsọ̀ yín wà ní ìlà kan náà lè pa owó pọ̀ ra bátìrì àti àpótí kan, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìkọ̀ọ̀kan ìkọ̀ọ̀kan.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Olè kò ní jà wá o. Àṣẹ.