Ọmọ Oníṣirò Owó Lè Di Ọlọ́pàá

 Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ akáńtì ní Amẹ́ríkà. Tí a bá bi wọ́n níbi tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ sí, bánkì ni wọ́n á sọ. Iṣẹ́ kan wà tí wọn kì í sábà rántí: kí wọ́n fi ìwé owó mú ọ̀daràn fún ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti Al Capone, ọ̀gá àwọn jàǹdùkú Chicago. Ọtí tí òfin kà léèwọ̀ ló ń tà. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ó ń pààyàn, ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́rìí? Àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí ló rí i mú. Frank Wilson, ọ̀kan nínú wọn, rí ìwé ìṣirò ilé tẹ́tẹ́ kan láàárín àwọn ìwé tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tipẹ́. Èrè oṣooṣù wà nínú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe pín in. Wọ́n fi ọwọ́ ìkọ̀wé náà wé ti inú ìwé bánkì títí wọ́n fi mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó jẹ́rìí ní kóòtù, wọ́n sì sọ Capone sẹ́wọ̀n ọdún 11 lọ́dún 1931, nítorí owó-orí. (Ẹ̀yin alájọ, ẹ tọ́jú ìwé yín o!)

Ẹ̀ka yẹn, IRS Criminal Investigation, ti wà láti 1919. Àwọn aṣojú rẹ̀ ń gbé ìbọn. Ìyá tí àyà rẹ̀ ń já, FBI náà ń gba oníṣirò owó tí kì í gbé ìbọn. Ìwé àti kóòtù ni tiwọn.

Ibi tó ti le nìyí. Méjèèjì, ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń gbà. Green card kò tó. Aṣojú IRS sì gbọ́dọ̀ wọlé kó tó pé ọmọ ọdún 37, àfi àwọn díẹ̀ bí ẹni tó ti ṣe sójà. Lẹ́yìn green card, ọdún 5 ni èèyàn sábà máa ń dúró kó tó lè di ọmọ ìlú, ọdún 3 fún ẹni tó fẹ́ ọmọ ìlú. Ẹni tó gbà á ní 33, tó ń retí ọdún 5, ilẹ̀kùn aṣojú ti tì. Ti oníṣirò FBI kò ní ìdènà ọjọ́ orí yẹn.

Wọ́n á tún yẹ owó-orí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wò, àti gbèsè rẹ̀. Tí ẹ bá ń pè wọ́n lọ́jọ́ Sunday, ẹ bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n gba káàdì.