Mánúwá Faransé tí ó Gba Ẹrú Èkó Sílẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Òrù, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tí ó kan ọkọ̀ kò mọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà yóò ṣe kẹ́yìn.

Ní ọdún 1782 ni àwọn Faransé ti mánúwá kan tí í jẹ́ Hébé sínú omi ní Saint-Malo. Jacques-Noël Sané ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ìgbòkun ni ó fi ń rìn, àgbá 38 ni ó sì rù. Àwòrán kan náà ni wọ́n fi kan àwọn ọkọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Ní ọdún náà gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì gba Hébé lójú ogun. Ó sì wù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe irú rẹ̀ fún ara wọn. Méjì nínú ìwọ̀nyí, Unicorn àti Trincomalee, kò tíì ṣègbé títí di òní.

Sybille jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Hébé. Gẹ̀ẹ́sì gba òun náà ní 1794, ní òkun ilẹ̀ Gíríìkì. Ní 1827 wọ́n rán an wá sí òkun tiwa, lábẹ́ Commodore Collier, láti dènà òwò ẹrú. Ní September 6 ọdún náà, ó mú Henriqueta, ọkọ̀ àwọn Àgùdà ará Bahia, tí ó kó ẹrú 569 ní Èkó. Ilé-ẹjọ́ ní Freetown dá àwọn tí ó wà láàyè sílẹ̀. Collier ra ọkọ̀ ẹrú náà, ó sọ ọ́ ní Black Joke, ó sì fi ń lépa àwọn oníṣòwò ẹrú. Ní February 1, 1829, Black Joke mú El Almirante pẹ̀lú ẹrú 466.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kó wọn dé etí òkun? Ìbéèrè yìí kan àwa Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà wa àti ọ̀sà wa ni ọ̀pọ̀ ẹrú gbà dé Èkó, pàápàá lẹ́yìn ogun Òwu tí àwọn jagunjagun wa lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọjà náà kò sì mọ ọmọ onílé. Ní nǹkan bí 1820 ni a mú Òṣífẹkúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú, níbi tí ó ti ń ṣòwò lórí omi, a sì tà á sí Bùràsíìlì. Mánúwá kankan kò pàdé rẹ̀ lọ́nà. Paris ni ó ti ròyìn ilẹ̀ wa fún d'Avezac, ẹni tí ó tẹ ìròyìn náà jáde ní 1845.

Àwọn tí Sybille gbà rí òmìnira, ṣùgbọ́n Sàró ni a sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí, kì í ṣe ojúde baba wọn. Láti 1839 ni àwọn Sàró ti ń padà bọ̀ wálé. Ọ̀pọ̀ kò sì padà mọ́ láéláé. Àgbá lè já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lójú òkun. Ṣùgbọ́n ẹnu ibodè ìlú ni ó yẹ kí á ti kọ́ gba ọmọ ènìyàn sílẹ̀.